Iná, Omi, Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ló Ń Ṣọ́ Wọn, Lọ́wọ́ Ta Ni?

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́kọ̀ọ̀kan ní oríléeṣẹ́ Maersk, nílùú Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark. Maersk ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó kọ̀ǹténà káàkiri ayé. Àwọn ló ni APM Terminals tó ń já ẹrù ní Apapa. Láàárín wákàtí mélòó kan, kọ̀ǹpútà wọn ti kú láti Yúróòpù dé Amẹ́ríkà. Géètì àwọn èbúté kan ò ṣí mọ́. Tírélà tò sẹ́yìn tírélà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà kan tàbí ẹni tó ni ín.

Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n sọ ní NotPetya ló fà á. Kì í ṣe Maersk ni wọ́n dójú sọ, Ukraine ni. Àwọn tó rán an jáde, tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ológun Rọ́ṣíà ni wọ́n, yọ́ wọ iléeṣẹ́ kan ní Ukraine tó ń ṣe ètò ìṣirò owó orí tó ń jẹ́ M.E.Doc, wọ́n sì fi kòkòrò náà sínú àtúnṣe tí iléeṣẹ́ ọ̀hún máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò ní Ukraine ló ní M.E.Doc lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ọ́fíìsì Maersk kan ní ìlú Odessa náà ní i. Ẹyọ kan yẹn tó.

Kọ̀ǹpútà kan wà tí iléeṣẹ́ ńlá ò lè ṣe aláìní: èyí tó mọ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó sì mọ ibi tí ẹni náà láṣẹ dé. Tí kò bá sí, kò sẹ́ni tó lè wọlé sórí ohunkóhun. Maersk ní nǹkan bí 150 irú rẹ̀ káàkiri ayé, gbogbo wọn sì ń ṣe ẹ̀dà ara wọn, torí náà wọ́n gbà pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, àwọn yòókù á gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó rò ó pé gbogbo wọn lè lọ pa pọ̀. Wọ́n lọ pa pọ̀ lóòótọ́, àyàfi ẹyọ kan ní orílẹ̀-èdè Ghana. Kí ló yọ tiwọn? Wọ́n ti mú iná lọ. Kí kòkòrò náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà náà ti kú, kòkòrò ò sì rí ibi wọ̀. Àwa tí a ò ní iṣẹ́ méjì ju ká máa bú Nẹ́pà lọ, ẹ jẹ́ ká gbà pé àìsí iná ṣe oore lẹ́ẹ̀kan láyé.

Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń tún gbogbo nǹkan tò. Òṣìṣẹ́ kankan ní ọ́fíìsì Ghana ò sì ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe wọ bàálù wá sí Nàìjíríà nìyẹn, tó fa háàdì dísìkì lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, tíyẹn sì gbé e lọ sí London. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n tún kọ̀ǹpútà 45,000 àti sáfà 4,000, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn yòókù gbára lé, tò. Owó tí wọ́n ní ó bá a lọ wà láàárín mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe wọnú ara wọn: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni aburú náà gbà wọlé, tírélà àti géètì irin ló dá dúró, ohun tó sì gbà wọ́n là ni iná tí kò sí àti èèyàn tó gbé ẹrù lọ́wọ́ wọ bàálù.

Tí wọ́n bá dárúkọ ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, olè ló ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn: àwọn ọmọ Yahoo, ẹni tó pè pé báńkì yín ni òun, pé kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín fún òun. Olè ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tibí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun amáyédẹrùn tó ṣe kókó ni gbogbo ohun tó jẹ́ pé bó bá dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ìlú dákẹ́: iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ, epo, ilé ìwòsàn, báńkì, èbúté, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti àwọn okùn tó so wọ́n pọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọlọ́dẹ, ògiri àti àgádágodo ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Àgádágodo ṣì wúlò, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ilẹ̀kùn kejì tí ọlọ́dẹ ò lè fojú rí. Ibi tó sì ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n rò pé iṣẹ́ méjì ni: kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ irin, kí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tó jókòó sí ilẹ̀ òkèèrè lè pa iná àdúgbò yín. Ẹni tó ń fi katapílà gbẹ́ títì lè dá owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín dúró, kó má sì mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣí, tó sì ń pa

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ló ń gbé: lẹ́tà, owó oṣù, orúkọ oníbàárà. Òmíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa ò rí rí, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa ṣí nǹkan, kó sì máa pa nǹkan. Ó ń ṣí fáàfù omi, ó ń tan póòmù, ó ń já iná, ó ń sọ fún tọ́báìnì pé kó yára tàbí kó rọra. PLC ni àwọn ẹnjiníà ń pe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gan-an. Ètò tó kó gbogbo wọn jọ, tí òṣìṣẹ́ kan fi lè jókòó sí yàrá kan kó máa rí odindi ìpínlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, òun ni SCADA.

Nígbà tí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ro íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Tí àṣẹ bá ti dé, wọ́n á ṣe é, wọn ò ní bi ẹni tó pàṣẹ pé “ìwọ ta ni?” Kò léwu nígbà náà, torí pé ẹni tó bá máa pàṣẹ ní láti wọ inú ọgbà kọ́kọ́ ni. Kí ló wá dé tí wọ́n fi so wọ́n mọ́ ìta? Owó ni, àti ọ̀nà jíjìn. Ibùdó iná lè wà nínú igbó, ó sì rọrùn kí ẹnì kan jókòó sí ìlú kó máa wo ogójì ibùdó ju kí ogójì èèyàn máa sùn síbẹ̀ lọ. Ọ̀gá fẹ́ máa rí i lórí fóònù rẹ̀ nílé. Iléeṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ fẹ́ máa tún un ṣe láti Jámánì tàbí Ṣáínà láìwọ bàálù. Gbogbo ìdí wọ̀nyẹn ló mọ́gbọ́n dání, ilẹ̀kùn sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, bó bá ní kí ẹ pa òun kí ẹ tún tan òun torí àtúnṣe, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Èyí tó ń darí póòmù omi lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ pa á torí àtúnṣe tí kò dá a lójú. Ìdí nìyẹn tí àléébù tí gbogbo ayé ti mọ̀ fi máa ń wà lára wọn fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe pé àwọn ẹnjiníà ya ọ̀lẹ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Ukraine, ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ọdún 2015. Ọ̀sán ti ń di ìrọ̀lẹ́. Òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní agbègbè Ivano-Frankivsk wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì rí i tí atọ́ka máúsì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Atọ́ka náà lọ sórí bíríkà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń já iná, ti ibùdó iná kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè yọ lójú kọ̀ǹpútà pé ṣé òótọ́ ni ẹ fẹ́ pa á. Atọ́ka náà lọ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Iná agbègbè kan lọ. Ó kọjá sí òmíràn. Òṣìṣẹ́ náà di máúsì mú, máúsì ò dá a lóhùn. Kọ̀ǹpútà lé e jáde. Nígbà tó fẹ́ padà wọlé, wọ́n ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ̀.

Iléeṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n kọlù láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra wọn. Nǹkan bí 225,000 oníbàárà ló wà nínú òkùnkùn, lásìkò òtútù. Wọ́n tún fi ìpè ẹ̀tàn kún ẹ̀rọ tẹlifóònù iléeṣẹ́ náà, kí oníbàárà tó fẹ́ sọ pé iná ti lọ má lè rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n da iná tó yẹ kó máa gbé yàrá ìdarí fúnra rẹ̀ ró rú. Wọ́n ba àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbé àṣẹ láti kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ bíríkà jẹ́, débi pé kò ṣeé tún ṣe.

Ímeèlì ni wọ́n fi wọlé. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gba ìwé kan tó dà bíi pé ó tọ̀nà wá. Bí wọ́n bá ṣí i, á ní kí wọ́n tẹ ibì kan kó tó lè hàn dáadáa. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀, àwọn àlejò náà fi sùúrù gbé inú iléeṣẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà. Wọ́n ń wo ẹni tó ń wọ ibo, wọ́n ń kó páswọ́ọ̀dù jọ, títí wọ́n fi rí ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ máa ń gbà wọ yàrá ìdarí láti òkèèrè. Páswọ́ọ̀dù nìkan ni ọ̀nà yẹn ń béèrè.

Mọ́tò àti ọwọ́ ló mú iná padà. Àwọn òṣìṣẹ́ wakọ̀ lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fọwọ́ ti bíríkà padà sípò rẹ̀. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, iná ti dé. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni tiwọn, tó ṣì gbà kí èèyàn fọwọ́ mú un, òṣìṣẹ́ wọn sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lójú tèmi, apá yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ra ẹ̀rọ ìgbàlódé fún ìjọba wa kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ta ẹ̀rọ fún yín tó jẹ́ pé láti ojú kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ti lè pa á tàbí tàn án, ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín lé ẹni tí ẹ ò mọ̀ lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kí wọ́n má kàn so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ parí. Ní Natanz, lórílẹ̀-èdè Iran, wọn ò so ó mọ́ ọn. Síbẹ̀ kòkòrò Stuxnet, tí àṣírí rẹ̀ tú lọ́dún 2010, wọ ibẹ̀, ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ni pé ara fíláàṣì USB ló gbà dé. Ó ń yí eré àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe ohun èlò ọ̀gbálẹ̀gbáràwé padà títí wọ́n fi ń bàjẹ́, ó sì ń fi nọ́ńbà àná han àwọn òṣìṣẹ́ pé ara ẹ̀rọ le.

Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ pọn dandan kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, páswọ́ọ̀dù àkáǹtì àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ ni àwọn ọ̀daràn DarkSide fi wọ kọ̀ǹpútà Colonial Pipeline, tí páìpù rẹ̀ ń gbé nǹkan bí ìdajì epo tí wọ́n ń lò ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni wọ́n tì pa, wọ́n ní àfi kí wọ́n san owó ìtúsílẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá epo dúró, torí kò mọ ibi tí kòkòrò náà dé. Ìlà gùn ní ilé epo débi pé ìjọba Amẹ́ríkà ní láti kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe rọ bẹntiróòlù sínú ọ̀rá. Àwa sì ń rò pé tiwa nìkan ni. Wọ́n san Bitcoin 75, nǹkan bí mílíọ̀nù 4.4 dọ́là, ìjọba rí 63.7 gbà padà nínú rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí ìtàn Ukraine àti ti Colonial jọ fi hàn ni pé ó yẹ kí wọ́n pín inú ilé. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ dà bí agbo ilé tó ní géètì ńlá, ọlọ́dẹ méjì àti ajá níwájú, ṣùgbọ́n tí kò sí yàrá kan nínú rẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn: ẹni tó bá ti fo ògiri ti dé ìdí àpótí owó. Kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé fi ń ka ímeèlì ò gbọdọ̀ lè bá èyí tó ń já iná sọ̀rọ̀ tààrà. Bó bá di dandan kí wọ́n sọ̀rọ̀, kó gba ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣọ́, kí páswọ́ọ̀dù nìkan má sì tó; kí fóònù òṣìṣẹ́ tún gba nọ́ńbà kan, irú OTP tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sí wa. Kí wọ́n sì máa yọ orúkọ ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni ni, àìṣe rẹ̀ ló sì jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà tò sílé epo.

Okùn, òpó àti katapílà

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, áàpù báńkì kọ̀ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì sì kú tàbí kó máa wọ́ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bíi mẹ́wàá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti kọjá ibẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ hákà rárá. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin ló já ní ìtòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ohun tí MainOne fura sí ni pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wa. Inú òkun ló pọ̀ jù gbà. Okùn náà ò nípọn ju ọ̀pá omi tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò lọ níbi tí omi ti jìn, inú rẹ̀ sì ni gíláàsì tó tín-ín-rín bí irun wà, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bó bá já, ọkọ̀ ojú omi pàtàkì ló gbọ́dọ̀ lọ fà á sókè kí wọ́n tó lè so ó, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀ ní Áfíríkà. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Léon Thévenin, Cape Town ló máa ń dúró sí.

Àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ti ra àyè lórí ju okùn kan lọ, wọ́n sì rò pé bí ọ̀kan bá já, èkejì á gbé àwọn. Ohun tí wọn ò kà kún ni pé ojú kan náà ni àwọn okùn ọ̀hún gbà kọjá lábẹ́ òkun. Àṣìṣe Maersk gan-an nìyẹn: ẹ̀dà 150 tí ohun kan ṣoṣo lè pa lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ní àyè lórí Glo-1, tàbí lórí Equiano tó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó lọ́dún 2022, ló kọ́kọ́ mí, torí okùn méjèèjì ò sí lára èyí tó já. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ní ọ̀nà méjì, ìbéèrè tó kàn ni pé ibo ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

Lórí ilẹ̀, ọ̀tá okùn fàíbà tó burú jù lọ́dọ̀ wa ni agbaṣẹ́ṣe tó ń la títì. Katapílà á gbẹ́ e já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò mẹ́ta á lọ, onítọ̀hún á sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń gé e tà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n rò pé kọ́pà ni wọ́n rí. Gíláàsì lásán ni, kò lówó lórí lọ́jà àlòkù irin.

Iná mànàmáná le ju ìyẹn lọ. Ní Òṣogbo ni National Control Centre wà, yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Iṣẹ́ wọn ni kí iná tó ń wọlé àti èyí tí à ń lò dọ́gba, kí ìwọ̀n kan tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì, iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, má kúrò nítòsí 50. Bí okùn ńlá kan bá bọ́ lójijì, ìwọ̀n náà á fò sókè tàbí kó já wálẹ̀, àwọn tọ́báìnì á sì máa pa ara wọn kí wọ́n má bàa bàjẹ́, ọ̀kan á fa èkejì. Ìgbà yẹn la máa ń gbọ́ pé gíríìdì tún ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé hákà ló wà nídìí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Okùn tó gbó àti ẹ̀rọ tó rẹ̀ lè ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ọ̀tá náà wà. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Àríwá wà láìníná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. TCN, iléeṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà, sọ pé àwọn jàndùkú ba okùn iná tó lọ láti Shiroro sí Kaduna jẹ́, àìsí ààbò ò sì jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tètè débẹ̀ láti tún un ṣe. Ogún ọgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ò lè ran èèyàn lọ́wọ́ níbi tí ẹnjiníà ò ti lè dé ìdí òpó.

Ní Metcalf, ní California, ní òru ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 2013, àwọn kan yìnbọn sí ibùdó iná kan títí tírànsífọ́mà 17 fi bàjẹ́. Kí wọ́n tó yìnbọn, wọ́n kọ́kọ́ lọ gé okùn fàíbà ìbánisọ̀rọ̀ tó wà nítòsí. Ẹ rántí tẹlifóònù tí wọ́n fi ìpè ẹ̀tàn dí ní Ukraine. Ọ̀kan lo ìbọn, ọ̀kan lo kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì sì rí i dájú pé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá jà dí.

Òfin wà lórí gbogbo èyí ní Nàìjíríà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá ba ohun amáyédẹrùn tí ààrẹ ti kéde pé ó ṣe kókó jẹ́ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá láìsí owó ìtanràn. Bí ẹ̀mí bá bá a lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ọdún 2024 ni ààrẹ tó fọwọ́ sí àṣẹ tó kéde àwọn ohun náà, lára wọn sì ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti okùn fàíbà. Ọdún mẹ́sàn-án láàárín òfin àti àṣẹ. Àjọ ààbò ara ẹni làbò ìlú, Sífù Dìfẹ́ǹsì, náà ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń hú okùn lóru láìsí àmì iléeṣẹ́ kankan lára rẹ̀, àwọn lẹ máa pè.

Kámẹ́rà yín nínú ogun Liberia

Lọ́dún 2016, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà kọ kòkòrò kan tí wọ́n sọ ní Mirai. Kò gbọ́n púpọ̀. Ó kàn ń káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá kámẹ́rà CCTV àti ráútà, bó bá sì rí ọ̀kan, á dán nǹkan bí ọgọ́ta orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wò: admin àti admin, root àti 123456, support àti support, guest àti 12345. Èyí tí iléeṣẹ́ kọ sí i láti ilẹ̀ ni, tí ẹni tó rà á ò yí padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ló ṣí fún un.

Ẹ̀rọ tó bá ti wọ̀, ẹni tó ni ín ò ní mọ̀. Kámẹ́rà á ṣì máa fi géètì hàn án. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kòkòrò náà bá pàṣẹ, gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn á jọ kàn sí iléeṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà iléeṣẹ́ yẹn á dí, oníbàárà gidi ò sì ní lè wọlé. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún yẹn, Dyn, iléeṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó bá tẹ orúkọ ojúlé kan, ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Twitter, Netflix àti Spotify ò ṣeé wọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún wákàtí púpọ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó kan ilé wa níbí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, tó ń gbé ní Cyprus, gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ fóònù Cellcom ní Liberia kó lè ba ọjà Lonestar tí wọ́n jọ ń du oníbàárà jẹ́. Ó da kámẹ́rà ilé àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ bo Lonestar, débi pé íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà mì. Oṣù 32 ni ilé ẹjọ́ ní London rán an lọ sẹ́wọ̀n ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2019. Àwọn tó ni kámẹ́rà sùn wọra ní gbogbo àsìkò yẹn.

Nítorí náà, ẹ yí ráútà yín dojú dé. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ admin ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí ẹ ò sì tíì yí i padà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i sí èyí tó gùn, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tí kò bára tan. Kámẹ́rà náà bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń rì í mọ́ ògiri fún wa sábà máa ń lo páswọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo oníbàárà wọn, kó má bàa sú wọn. Bí ráútà yín bá gbà kí ẹ ní Wi-Fi àlejò, ẹ kó kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, kí fóònù tí ẹ fi ń wọ báńkì wà lórí òmíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, òfin ti kọ̀ kí wọ́n máa ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù tó rọrùn láti mọ̀, ó sì pọn dandan kí ẹni tó ń ta á sọ bí yóò ti pẹ́ tó tí àtúnṣe rẹ̀ á fi máa wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham, tí ẹ ń kó tòkúnbọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ wo apá kejì yẹn dáadáa. Kámẹ́rà tí àtúnṣe rẹ̀ ti dópin ṣì lè yàwòrán tó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n àléébù tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ lọ́la, títí ayé ló máa wà níbẹ̀.

Èyí tó tún ń gba ìlú báyìí ni sólà. Ọ̀pọ̀ ínfátà ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń so ó mọ́ Wi-Fi, kí ẹ lè máa rí bátìrì lórí fóònù. Lórí àwọn kan, áàpù náà lè yí ìlànà bátìrì padà tàbí kó pa gbogbo rẹ̀. Bí oníṣẹ́ ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé ímeèlì tirẹ̀ ló máa fi forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó so ó, á wá fi yín kún un bí àlejò. Òun ló ni iná ilé yín nìyẹn, òun àti ẹnikẹ́ni tó bá jí páswọ́ọ̀dù rẹ̀, pẹ̀lú iná gbogbo ilé tó ti ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀, ẹ ní kó yí i sí ímeèlì yín lójú yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ ní kó fi bọ́tìnnì tí ẹ ó ti fọwọ́ pa ínfátà náà hàn yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, kí ẹ sì tún tàn án, kó tó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.